Wọ́n ní inflation ti wálẹ̀, kí ló dé tí owó gàrí ò wálẹ̀?

Ìyá kan wà ní Bódìjà tí mo máa ń ra gàrí àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn, ó ti pẹ́ tá a ti jọ ń ná ọjà, wọ́n mọ orúkọ àwọn ọmọ mi. Oṣù kejì ọdún 2025 ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, rédíò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀wà ń ka ìròyìn, ni wọ́n bá ní inflation ti já wálẹ̀ láti 34 sí 24 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù kan péré. Màmá dá ọwọ́ dúró, kóńgò ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo rédíò yẹn, wọ́n wá wojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó o kàwé, ọjà wo ló wálẹ̀? Sọ fún mi kí n lè mọ ibi tí màá ti máa lọ gbé ọjà." Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, wọ́n fẹ́ mọ̀ ni, torí pé iye tí wọ́n gbé àpò gàrí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò yàtọ̀ sí iye tí wọ́n gbé e lóṣù tó kọjá.

Mi ò rí èsì gidi fọ̀ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn ní, "Màmá, ìṣirò ìjọba ni," mo sanwó, mo lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ó dun mí pé ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ra ọjà tà ò lè rí ẹni tó máa ṣàlàyé ìròyìn ọjà fún un. Mo wá jókòó tì í, mo ka ohun tí àjọ tó ń mójú tó ìṣirò, NBS, ń gbé jáde, ohun tó sì yé mi ni mo fẹ́ kọ síbí. Púpọ̀ nínú wa ló ń bínú sí àwọn nọ́ńbà yìí pé irọ́ ni, àwọn kan náà sì wà tó ń fi wọ́n gbèjà ìjọba pé ẹ ò rí i pé nǹkan ti ń dáa. Èmi ò gbà pé irọ́ ni wọ́n. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tiẹ̀ tó ń dáhùn, ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìbéèrè míì ló wà lẹ́nu wa nígbà tá a bá ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí inflation fúnra ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé inflation ni iye tí ọjà jẹ́, pé tó bá ti wálẹ̀, ọjà náà wálẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè sí ló ń wọ̀n, láti ọdún kan sí ìkejì. Ẹ fojú inú wo adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ. Ó ti so igbà mọ́ ìbàdí, ó kọ́kọ́ ń yára gùn ún, nígbà tó dé àárín ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó dúró nílẹ̀ lè sọ pé eré adẹ́mu ti dínkù, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n adẹ́mu ò tíì máa sọ̀kalẹ̀ o, òkè ló ṣì ń lọ, ibi tó wà báyìí sì ga ju ibi tó wà lẹ́ẹ̀kan lọ. Tí wọ́n bá ní inflation ti wálẹ̀, eré adẹ́mu ló dínkù. Kí ọjà tó wálẹ̀, adẹ́mu fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bọ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é kó lè yé wa dáadáa. Ká ní kóńgò nǹkan kan jẹ́ 1,000 náírà. Lọ́dún àkọ́kọ́ inflation jẹ́ pásẹ́ǹtì 35, kóńgò yẹn di 1,350. Lọ́dún kejì wọ́n ní inflation ti wálẹ̀ sí 24, kóńgò yẹn di 1,674. Ọdún kẹta wọ́n tún ní ó ti wálẹ̀ sí 15, inú gbogbo èèyàn dùn lórí tẹlifíṣọ̀n, kóńgò yẹn di 1,925. Inflation ń wálẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí irọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ohun tá à ń ra 1,000 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kó tó lè padà sí 1,000, inflation gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, kó ní àmì ìyọkúrò níwájú, ìyẹn kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ọjà lápapọ̀ níbì kankan láyé. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ń dúró de ọjọ́ tí gbogbo nǹkan máa padà sí iye tó wà ní 2019, kó yáa má dúró mọ́, ohun tó yẹ ká máa béèrè ni pé kí owó tó ń wọlé fún wa náà gùn ún bá a lókè ibẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Ọ̀wọ́n kan tún wà tí kì í hàn lára iye owó. Ẹ wo ìdí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì fún yín dáadáa, òmíràn wà tí wọ́n ti fi òkúta lù ú wọnú, tó jẹ́ pé ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì ti lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. Tẹ́lẹ̀ wọ́n á bù ú kó ga bí òkè lórí, wọ́n á tún fọwọ́ bu èènì lé e, ní báyìí ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ gbá orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Tòmátò tó máa ń jẹ́ mẹ́fà nínú abọ́ ti di mẹ́rin, búrẹ́dì ò gbówó lé e lóṣù yìí ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́ ẹ máa mọ̀ pé ó ti fúyẹ́, mílíìkì inú ọ̀rá náà ti kéré débi pé ọ̀kan ò ran tíì ọmọ kan mọ́. Mi ò bínú sí àwọn tó ń tajà o, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi owó lé e, oníbàárà á sá lọ, tí wọn ò bá sì yọ díẹ̀ kúrò, owó tí wọ́n máa fi gbé ọjà míì ò ní pé.

Ó dáa, báwo la ṣe débí? Gbogbo èèyàn ló rántí 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí ò tó 200 náírà lítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó dé 617 lóṣù keje, nígbà tó sì máa di oṣù kẹwàá 2024 ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọn ò tíì mí èémí ìyẹn tán, ní àárín oṣù kẹfà 2023 náà ni báǹkì àpapọ̀, CBN, tú náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye ara ẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 460 sí 470 náírà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024.

Ẹlòmíì á ní òun ò ní mọ́tò, òun ò sì rí dọ́là rí, kí ló wá kàn òun ńbẹ̀. Tòmátò àti ata tá à ń jẹ n'Ìbàdàn àti l'Ékòó, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, tírélà ló ń gbé e wá, díísù ni tírélà ń mu, ó sì ti pẹ́ tí díísù ti bọ́ lábẹ́ ìrànwọ́ ìjọba, dọ́là ló ń gbé e sókè gbé e sódò. Tó bá wá dé Bódìjà tàbí Mile 12, bẹntiróòlù ni dánfó àti márúwá tó máa gbé e dé àdúgbò yín ń mu, bẹntiróòlù náà sì ni jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta ẹja tútù ń mu. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, òkè òkun ni púpọ̀ ẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Oògùn náà ńkọ́, àti páàtì ọkọ̀. Bó ṣe ń wọlé sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa nìyẹn láì béèrè bóyá a ní mọ́tò.

Ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ sòótọ́, iná yẹn ti ń jó kó tó di ọjọ́ yẹn. Inflation ti wà ní 22.41 lóṣù karùn-ún 2023 gan-an, kí epo tó gbówó lórí. Wọ́n ti ti bodè pa lóṣù kẹjọ 2019. Àwọn àgbẹ̀ ti ń sá kúrò lóko ní Benue, Zamfara, Plateau, torí ìpànìyàn àti ìjínigbé, ibì kan wà tó jẹ́ pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn agbébọn kó tó lè wọ oko tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn. Omíyalé ọdún 2022 pa ju 600 èèyàn lọ, ó sì gbé oko àìmọye èèyàn lọ.

Èyí tí wọn kì í sọ púpọ̀ lórí rédíò ni ti owó títẹ̀. Lásìkò yẹn, òfin gbà kí CBN yá ìjọba àpapọ̀ lówó fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ń yá a, wọ́n ń yá a, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2023 gbèsè yẹn ti di trílíọ̀nù 22.7 náírà, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Kí lèyí já sí fún ẹni tó ń ra gàrí? Ká ní iṣu 100 ló wà lọ́jà, owó tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn sì jẹ́ 100,000. Tí ẹnì kan bá dédé tẹ 100,000 míì sóde, tí iṣu ò sì ju 100 yẹn lọ, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé iṣu á gbówó lórí, kò sẹ́ni tó máa yó ju bó ṣe ń yó tẹ́lẹ̀ lọ, àyàfi ẹni tí owó tuntun yẹn kọ́kọ́ kàn lọ́wọ́ kí ọjà tó mọ̀. Èyí dùn mí ju ti epo lọ, torí ti epo wọ́n kéde ẹ̀ fún wa, a bá wọn jà lórí ẹ̀, èyí kàn ń jẹ owó inú àpò wa díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Láti dá adẹ́mu yẹn dúró, CBN bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó èlé sókè, láti 18.5 lóṣù karùn-ún 2023 dé 27.5 ní ìparí 2024, kí owó lè dínkù nígboro. Òògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ó korò, ẹni tó fẹ́ yá lóònù ra ẹ̀rọ ìlọta tàbí firísà lọ́dọ̀ báǹkì lásìkò yẹn, èlé tí wọ́n máa dá lé e lè ju 30 lọ, iṣẹ́ wo ló ń mú èrè bẹ́ẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè màmá. Lóṣù kejìlá 2024, inflation jẹ́ 34.80. Lóṣù kìíní 2025, ó di 24.48. Ṣé ọjà dá eré dúró báyẹn láàárín ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni? Rárá, agbọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. NBS ní agbọ̀n kan tí wọ́n ń fi ojú inú rù lọ sọ́jà lóṣooṣù, wọ́n kó gbogbo nǹkan tí ilé kan ń ra sínú ẹ̀, oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀, aṣọ, oògùn, káàdì fóònù, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bó ṣe tóbi tó nínú ìnáwó ilé. Agbọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, 2009 ni wọ́n dì í. Ẹ rántí irú fóònù tá à ń lò ní 2009, kò sẹ́ni tó ń ra data nígbà yẹn bó ṣe ń rà á báyìí. Torí náà ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, kódà ó ti pẹ́ jù. Wọ́n wá fi ọdún 2024 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, wọ́n kó nǹkan púpọ̀ kún un, wọ́n sì dín ìwọ̀n oúnjẹ kù láti nǹkan bí 52 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé 34.80 wá látinú agbọ̀n àtijọ́, 24.48 wá látinú agbọ̀n tuntun. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó ní inflation já ní 10, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi kóńgò wọn ìrẹsì lánàá, tẹ́ ẹ wá fi abọ́ míì wọ̀n ọ́n lónìí, tẹ́ ẹ ní ìrẹsì ti dínkù. Èsì tí ǹ bá fún màmá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: kò sí ọjà tó wálẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ bá agbọ̀n tuntun yẹn ni ti oúnjẹ. NBS fúnra wọn ló ṣèwádìí ní 2019 tí wọ́n rí i pé nínú gbogbo owó tí ìdílé ń ná ní Nàìjíríà, ju 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sórí oúnjẹ, gbogbo wa lápapọ̀ nìyẹn, olówó àti tálákà. Ẹni tó ń gba 70,000 lóṣù tó ní ọmọ mẹ́ta, mo mọ̀ pé tiẹ̀ á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí oúnjẹ bá wá gbówó lórí ju nǹkan míì lọ, bó ṣe rí lóṣù kẹfà 2024 tí inflation ti oúnjẹ dé 40.87 nígbà tí àpapọ̀ wà ní 34.19, nọ́ńbà àpapọ̀ yẹn kéré sí ohun tí tálákà ń rí lójú. Kò sí bí nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe lè bá agbọ̀n ẹni tó ń gbé Ikoyi mu kó tún bá ti ẹni tó ń gbé Bẹẹrẹ mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré náà dínkù lóòótọ́ nínú ọdún 2025, lórí agbọ̀n tuntun kan náà, tó fi jẹ́ pé lóṣù kẹsàn-án ó ti wà ní 18.02. Àwọn ọjà kan tiẹ̀ sọ̀kalẹ̀ gan-an, àgbàdo, ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ ó rántí. Ìjọba ti kéde lóṣù keje 2024 pé àwọn máa yọ owó bodè kúrò lórí àwọn oúnjẹ kan tó ń wọlé láti òkèèrè, ìkórè náà sì wá bọ́ sí i. Inú àwa tó ń rà á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo àgbẹ̀ tó ra ajílẹ̀ nígbà tí dọ́là wà ní 1,500, tó san owó ẹ̀rọ katakata àti ti alágbàṣe ní owó tuntun, tó wá gbé àgbàdo ẹ̀ dé ọjà tí wọ́n ní iye tí wọ́n máa rà á ò tó iye tó fi gbìn ín. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè má gbìn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tí kò bá sì gbìn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí owó àgbàdo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ẹni tó ń pariwo pé kí gbogbo oúnjẹ ṣáà ti wálẹ̀ pariwo. Ajílẹ̀, ojú ọ̀nà, díísù àti ààbò oko ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú wálẹ̀, kí èrè lè kù fún ẹni tó ń gbìn.

Nígbà tí mo padà sọ ọ̀rọ̀ adẹ́mu yìí fún màmá, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Àṣé bó ṣe rí nìyẹn. Ìgbà wo wá ni owó tiwa náà máa gun ọ̀pẹ?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé wa dórí iṣẹ́ àti owó oṣù.

Ní ìparí ọdún 2020, NBS ní nínú gbogbo àwọn tó lè ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́, 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni ò níṣẹ́. Ẹni kan nínú mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 nọ́ńbà yẹn ti di 4.1. Inú bí àwọn èèyàn, wọ́n ní ẹ wo irọ́ gbuu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, wọn ò kà á sí ẹni tó níṣẹ́. Ní báyìí, tó o bá ti ṣe wákàtí kan péré láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, iṣẹ́ tó mówó wá, o ti níṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ́ ló hùmọ̀ ẹ̀ o, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ló ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa kà á báyẹn kí wọ́n lè máa fi ọ̀kan wé ìkejì.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ti gba HND, ó tó ọdún mẹ́ta báyìí. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ó máa ń bá wọn fọ mọ́tò níbi ìfọmọ́tò tó wà níwájú òpópó, tó bá rí mẹ́ta fọ̀ ó rí owó oúnjẹ ọjọ́ yẹn, àwọn ọjọ́ yòókù ó ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé ó níṣẹ́, á mi orí, á ní òun ń wá a. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń kọ orúkọ bá kan ilẹ̀kùn wọn tó bi í pé lọ́jọ́ méje tó kọjá ǹjẹ́ ó ṣe nǹkan kan tó mówó wá, ó kéré tán fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn, wọ́n á sì kọ ọ́ mọ́ àwọn tó níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ní ilẹ̀ tí ìjọba ò ti ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní owó oúnjẹ, kò sẹ́ni tó lè jókòó lásán. Ní Sípéènì, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni ò níṣẹ́ ní 2024, ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé ó sàn láti wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà ju Sípéènì lọ? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀ lè fara balẹ̀ wá iṣẹ́ míì torí nǹkan kan wà tó ń jẹ, tiwa á ti gbé igbá sórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Nọ́ńbà kékeré yẹn, ebi ló ń lé e wálẹ̀. Inú ìwádìí kan náà ni wọ́n ti sọ pé ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ pé iṣẹ́ tí ò ní ìwé, tí ò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹnikẹ́ni lè lé wọn kúrò lẹ́nu ẹ̀ lọ́la ni wọ́n ń ṣe. Èyí ló yẹ kí rédíò máa kà jáde lákọ̀ọ́kọ́.

Owó oṣù ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 30,000 ní 2019, wọ́n gbé e dé 70,000 lóṣù keje 2024, ó ju ìlọ́po méjì lọ tẹ́ ẹ bá wò ó báyẹn. Ní 2019 tí dọ́là ń lọ ní nǹkan bí 360, 30,000 yẹn jẹ́ dọ́là 83. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí 70,000, dọ́là ti tó nǹkan bí 1,600, owó yẹn ò ju dọ́là 44 lọ. Mo mọ̀ pé a kì í fi dọ́là ra ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn, díísù, búrẹ́dì, oògùn, dọ́là ló wà nídìí wọn. Òfin yẹn ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó 25 ò sí lábẹ́ ẹ̀, ọmọ tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, tíṣà iléèwé kékeré ìgbèríko, ẹni tó ń dáná ní bùkátéríà, abẹ́ àánú ọ̀gá wọn ni wọ́n wà.

Nọ́ńbà òṣì náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan á ní mílíọ̀nù 83 ni tálákà wa, ẹnì kejì á ní 133, wọ́n á máa pe ara wọn ní òpùrọ́. Ọ̀dọ̀ NBS ni méjèèjì ti wá. Ti àkọ́kọ́, ìwádìí 2018 sí 2019, owó nìkan ló kà: ẹni tí ohun tó ń ná lọ́dún kan gbáko ò bá tó 137,430 náírà. Ti èkejì, tó jáde ní 2022, kò béèrè owó, ó béèrè bóyá ọmọ ń lọ síléèwé, bóyá omi tó mọ́ wà nítòsí, kí lẹ fi ń dáná, ṣé ilé ìwòsàn wà tẹ́ ẹ lè dé, ṣé ìyà iṣẹ́ àti àìsí ààbò ń jẹ yín. Èèyàn lè ní 20,000 lápò kó má rí nọ́ọ̀sì kankan fi ra ìwòsàn lọ́wọ́ ẹ̀, torí kò sí ní gbogbo àyíká ẹ̀. Lórí ìwọ̀n kejì yìí, 63 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú òṣì, Òǹdó ló kéré jù ní 27, Sókótó ló ga jù ní 91, lábúlé ó jẹ́ 72, nígboro 42. Ẹ wo bí Òǹdó àti Sókótó ṣe jìnnà síra wọn nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ẹ máa rí i pé tí wọ́n bá sọ pé "ọmọ Nàìjíríà" báyìí, ìgbé ayé tó yàtọ̀ pátápátá ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan bò mọ́lẹ̀.

Ti GDP ò ní pẹ́. Òun ni iye gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ṣe jáde lọ́dún kan. Ní 2014 a jí lọ́jọ́ kan a bá a pé Nàìjíríà ti kọjá South Africa, òun lọ́rọ̀ ajé ẹ̀ tóbi jù ní Áfíríkà, láti nǹkan bí bílíọ̀nù 270 dọ́là sí 510, torí pé wọ́n ti wá ń ka fóònù, fíìmù àti àwọn iṣẹ́ míì tí ìṣirò ọdún 1990 ò kà dáadáa. Kò sí abọ́ oúnjẹ kan tó kún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní 2025 wọ́n tún un kà, ti ọdún 2024 jẹ́ trílíọ̀nù 372.8 náírà, ìyẹn nǹkan bí bílíọ̀nù 243 dọ́là. Àwọn kan ní ẹ ò rí i, ó ti dín ní ààbọ̀. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ò dín ní ààbọ̀ o, náírà tá a fi ń pín in sí dọ́là ló ṣubú, láti nǹkan bí 157 sí nǹkan bí 1,500. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé báyìí ni ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa nínú ẹ̀, ẹ rántí pé 2006 la kànìyàn kẹ́yìn, mílíọ̀nù 140 ni wọ́n kà nígbà yẹn, gbogbo iye tí à ń pè lónìí, ìfojúdá ni.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́tí sí i lọ́jọ́ míì, nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni NBS máa ń gbé inflation jáde. Ẹ má dúró lórí nọ́ńbà ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ kà. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi oṣù wé oṣù tó ṣáájú ẹ̀, òun ló ń sọ bí adẹ́mu ṣe ń rìn lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí: tó bá jẹ́ 1 pásẹ́ǹtì lóṣooṣù, ó máa tó nǹkan bí 13 tí ọdún bá fi yí po, tó bá sì jẹ́ 3, ó máa lé ní 42. Ẹ wá ti oúnjẹ lọ́tọ̀. Wọ́n tún máa ń kọ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀, ẹ wo ti Ọ̀yọ́, ẹ wo ti Ọ̀ṣun, ẹ wo ti ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹun. Màmá ti ní kí n máa bá àwọn wò ó lóṣooṣù, pàápàá ti oúnjẹ, kí àwọn lè mọ̀ bóyá àpò gàrí kan làwọn máa gbé tàbí méjì.